Ẹni Tí Ara Kì Í Yún Lágbolé Bàrúwà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ń pe Adéwùnmí aránṣọ ní Ìyá Ọlọ́pàá, nítorí orúkọ yẹn gan-an ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, òun náà ló sì tú u. Kò fẹ́ ọlọ́pàá, kò bí ọlọ́pàá. Ọ̀pá ló fún un lórúkọ. Lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń kó oògùn ojú wá sí Ẹ̀gùá, hóró funfun kéékèèké tí kì í jẹ́ kí àrùn eṣinṣin etí odò fọ́ni lójú. Wọn kì í fi ọjọ́ orí pín in, gíga ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ ó fara ti ọ̀pá, ibi tí àtàrí yín bá dé lára rẹ̀ ni yóò sọ iye hóró tí ẹ ó gbé mì. Nígbà tí wọ́n ní kí àdúgbò yan ẹni tí yóò máa pín in, Adéwùnmí ni gbogbo wa nawọ́ sí, torí ó ti mọ ìwọ̀n gbogbo wa tẹ́lẹ̀, títí kan àwọn tó ń purọ́ pé àwọn kò sanra. Ẹni tó ní ọ̀pá, kí la ó pè é? Ọlọ́pàá náà ni. Nílùú ẹnubodè bíi tiwa, tí ọlọ́pàá gidi àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún ojú títì, ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn lẹ́nu àwọn ọmọdé débi pé bó bá ti yọ níkòríta ni wọ́n á figbe ta: "Ìyá Ọlọ́pàá ti dé o!"

Obìnrin dáadáa ni. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè rí ìdérí kó má ṣí i wò. Ẹ gbé aṣọ fún un kó rán, yóò bi yín ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá níbẹ̀, àti ìdí tí ẹ kò fi lọ lọ́dún tó kọjá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rí títí mo fi gbé aṣọ mi padà sílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Dámilọ́lá ọmọ rẹ̀ wọlé, ó gbé ọmọ pọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọdún kejì rèé tí Dámilọ́lá ti wà nílé ọkọ, lágbolé Bàrúwà, lọ́nà tó lọ sí oko. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ.

"Màámi, wọ́n ní èmi ni mo kó kúrúnà wọ agbolé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá Túnbọ̀sún ni." Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ní lọ́kàn, Lábísí lórúkọ rẹ̀. "Wọ́n ní kó tó di pé mo wọlé wọn, ara ẹnikẹ́ni kì í yún. Bàbá Bàrúwà ti pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá fi gbà pé èmi ni, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé títí ara wọn yóò fi balẹ̀."

"Ọmọ yìí ńkọ́?"

Ẹkún gbọ̀n Dámilọ́lá. "Wọ́n ní ọmọ Túnbọ̀sún ni. Wọ́n ní mílíìkì inú agolo wà."

Adéwùnmí dìde fùú. Ọmọ oṣù márùn-ún, kí wọ́n já a lẹ́nu ọmú! Inú bí i débi pé ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà, ó wá ìborùn rẹ̀ kiri, ó ní òun ń lọ bá wọn báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọmọ kalẹ̀ tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ìtọpinpin gba ipò ìbínú. Kúrúnà tí gbogbo wa mọ̀, àárín ìka ló ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò gba ọrùn ọwọ́, yóò gba ìbàdí. Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló sú, àti orí, àti àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n dìídì fi nǹkan wé e.

"Kúrúnà wo ló ń gun àtẹ́lẹsẹ̀?" ló ń bi ara rẹ̀.

Ó lọ mú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń gba oògùn sí. Ó wo ti ọdún tó kọjá, ó wo ti ọdún yìí. Agbolé Bàrúwà, ènìyàn méjìdínlógún, ẹnikẹ́ni kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, àfi ọmọ ọwọ́ tí oògùn kò tọ́ sí. Ó sì mọ ohun kan tí kò kọ sínú ìwé: oògùn ojú yìí máa ń lé kúrúnà lọ pẹ̀lú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti pín in, ìlú á sinmi lára híhọ fún ìgbà pípẹ́.

"Lẹ́yìn tí ẹ gbé oògùn mì, ṣé ó ṣì ń yún yín?"

"Ó dáwọ́ dúró. Kò pé oṣù kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́dún tó kọjá."

"Mélòó ni yín lágbolé yẹn?"

"Méjìdínlógún." Dámilọ́lá nu ojú. "Àfi bí ẹ bá ka Màmá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní ojú ń dùn wọ́n, wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Màmá nìkan ló ń wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan nípa kúrúnà o, Màmá ní Màmá àgbà nìkan ni ara kì í yún nílé wa."

Ha! Ẹ̀yin náà ẹ wo Adéwùnmí. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń họra bí ajá, tí ìyá arúgbó kan jókòó sí yàrá ẹ̀yìn tí nǹkan kan kò ṣe é! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ìyá náà ní ohun tó ń fi para. Àdí ni, àbí epo kan tí wọ́n ń tà ní ìhà Faransé? Bí òun bá mọ ohun náà kó tó di ọjọ́ Àìkú, ara gbogbo agbolé yóò dá, ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá yóò sì tán síbẹ̀. Àṣìṣe ni ìyẹn, ó sì jẹ́ àṣìṣe tó wúlò.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé téèpù kọ́rùn, ó ní òun ń lọ wọn àna òun fún aṣọ ọdún. Bó ti kọjá lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ti rí i. "Ìyá Ọlọ́pàá ti dé o!" Gbàm! Ilẹ̀kùn kan pa dé lẹ́yìnkùlé.

Adéwùnmí dúró. Ó rántí pé òun ti gbọ́ gbàm yẹn rí. Ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí òun ń pín oògùn, ó dún. Lọ́dún tó kọjá náà, ó dún.

Lábísí jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá ìhọra. "Ẹ kú àbọ̀ o, àna mi."

"Ilẹ̀kùn wo ló dún un nì?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ wo? Ewé máńgòrò kan kò mì." Adéwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èjìká rẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ó rí àwo kan tí wọ́n bò lọ́tọ̀, ife kan lọ́tọ̀, ṣíbí kan lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ lórí pákó gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ọ̀rọ̀ epo ìpara kúrò lọ́kàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ká téèpù rẹ̀.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí Màmá àgbà."

"Wọ́n sùn."

"Ẹni tó sùn kì í ti ilẹ̀kùn gbàm."

Lábísí kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé nítorí pé àwọn fọmọ fún ara àwọn ni Adéwùnmí ṣe fẹ́ máa yẹ ilé òun wò bí ọlọ́pàá tòótọ́? Adéwùnmí kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tó yá, Lábísí jókòó sórí àpótí ìdáná, ó bú sẹ́kún, ẹkún àgbàlagbà tí kì í ní ariwo.

"Ìyá mi ni," ó ní. "Kòkúmọ́ lorúkọ wọn. Ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe wọ́n."

Òjò kẹta rèé tí ó ti lọ gbé ìyá rẹ̀ wá láti abúlé kan ní ìhà Kétu, ní òdìkejì ẹnubodè. Àwọn ẹbí ibẹ̀ ti kọ́ ahéré fún un sínú igbó tán. Wọ́n ní bó bá kọ̀, àwọn yóò pe ọlọ́pàá kó wá gbé e. Lábísí gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó gba ọ̀nà oko wọlé, ó sọ fún Bàbá Bàrúwà pé ojú ló ń dun ìyá òun. Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bá a fi òróró para.

"Nígbà tí kúrúnà wá bẹ̀rẹ̀ nílé, tí Bàbá ní kí a yẹ gbogbo yàrá wò láti mọ ibi tó ti ń wá, ọkàn mi já. Mo yáa ní Dámilọ́lá ni." Kò lè gbójú sókè. "Mo purọ́ mọ́ ọmọ yín. Mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Adéwùnmí nígbà yẹn, mi ò ní í tún un sọ níbí. Ṣùgbọ́n ó gbé e mì, ó ní, "Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Yàrá náà ṣókùnkùn, òórùn rẹ̀ sì wúwo. Ìyá arúgbó kan sún mọ́ ògiri lórí ẹní, ó di ọwọ́ méjèèjì mú sábẹ́ ìró. "Ẹ má gbé mi lọ," ó ní. "Mo bẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n kú sọ́dọ̀ ọmọ mi."

"Màmá, ta ló fẹ́ gbé yín lọ?"

"Ṣebí ìwọ ni ìyá àwọn ọlọ́pàá? Lọ́dọọdún ni mò ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń kéde rẹ."

Adéwùnmí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá náà. "Màmá, ọlọ́pàá onígi ni mí. Ọ̀pá ìwọnga ni mò ń gbé kiri. Mi ò ní ìbọn, mi ò ní ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín."

Ọwọ́ náà ba ènìyàn lẹ́rù lóòótọ́. Ara rẹ̀ nípọn, ó sì sán bí èèpo igi, èékánná nípọn, wọ́n wọ́. Orí ìgúnpá, etí, ẹsẹ̀, bákan náà. Nígbà tó na ìka, èépá funfun ń já bọ́ sórí ẹní. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn tó ń pín oògùn, olùkọ́ kan ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn yòókù fi ń tòògbé, tí Adéwùnmí nìkan ń bi í ní ìbéèrè lé e lórí: ẹ̀tẹ̀ a máa pa ìmọ̀lára. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ lè wọ iná kó má mọ̀. Adéwùnmí fa òwú kan yọ nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ dijú. Ibi tí mo bá fi òwú kàn, ẹ sọ ọ́."

Ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ̀yìn ọwọ́." Ó fi kan ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré. "Ìka kékeré." Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀, ìyá náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ó ń rìn mí lẹ́sẹ̀! Kí lo fẹ́ ṣe, ṣé o fẹ́ rán mi pọ̀ ni?"

Lábísí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ara ń yún yín, Màmá?"

"Kò yún mi. Nígbà àtijọ́ ó yún mi, lẹ́yìn náà ó sú u."

Ìgbà tí Adéwùnmí fẹ́ dìde ló wá rí aṣọ tí ìyá náà tẹ́ sábẹ́. Kíjìpá àtijọ́ ni, dúdú tó ní ìlà pupa, ìdajì ni. Aránṣọ mọ etí aṣọ bí olùkọ́ ṣe mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ etí ìdajì kejì, lóṣù tí wọ́n bí Rẹ̀mílẹ́kún, nígbà tí Lábísí gbé e wá pé kí ó fi rán aṣọ ìbora ọmọ. Ó tilẹ̀ rántí pé àárín ìka òun yún òun lọ́sẹ̀ náà, tí òun ní èèrà ló jẹ òun.

"Àna mi. Aṣọ tí ẹ fi ń wé ọmọ, ibí lẹ ti gé e?"

Ìyá arúgbó ló dáhùn. "Èmi ni mo ní kó gé e. Ọmọ ọmọ-ọmọ mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo ní bí ọwọ́ mi kò bá lè gbé e, kí aṣọ mi bá mi gbé e."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adéwùnmí lára. Ó jáde, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rán Lábísí lọ gba aṣọ náà lára ọmọ kíákíá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adéwùnmí mú Olúdayọ̀ nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ha èépá díẹ̀ lára Màmá àgbà sínú ìgò, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaró láti lọ wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló padà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Adéwùnmí, erùpẹ̀ pupa bò ó títí dé ìpéǹpéjú.

"Kúrúnà ni," ó ní.

"Kúrúnà tí kì í yún ni? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀?"

"Ìyá Ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí n jókòó ná." Ó jókòó, ó gba omi mu. "Lára tiwa, kòkòrò náà kì í ju mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Lára Màmá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ara wọn ti gbó, kò lágbára mọ́. Ara tó ń yún ni ara tó ń jà. Tiwọn ti jókòó sílẹ̀, kòkòrò wá ń bí sí i bó ṣe wù ú."

"Ọmọ tó mú lẹ́yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ ọwọ́ kì í tẹ̀lé òfin wa. Orí, ẹ̀yìn, àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ló lè mú. Ẹ̀yin ṣáà ti fi aṣọ tó kún fún kòkòrò wé e."

"Ó ṣeé wò?"

"Ó ṣeé wò. Oògùn ojú yín yẹn gan-an ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, àti ìpara. Gbogbo agbolé lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì se gbogbo aṣọ."

Wọ́n máa ń ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ní tiwọn, ẹ̀tẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, tí kúrúnà fi ráyè jẹ wọ́n tán. Síbẹ̀, inú Adéwùnmí kò tíì dùn. Bó bá sọ ọ́ nípàdé, Dámilọ́lá bọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá rí ọwọ́ yẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì? Wọ́n á lé ìyá arúgbó náà sínú igbó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé kó gba ọmọ tirẹ̀ là, kó wá ti ìyá ẹlòmíràn síta?

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn onísìn ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹbí jókòó sábẹ́ máńgòrò. Bàbá Bàrúwà, olórí agbolé, wà lórí àga, ó ń fi igi kékeré họ ẹ̀yìn rẹ̀. Dámilọ́lá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ọmọ mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ti ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Túnbọ̀sún ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Adéwùnmí gbé ọ̀pá rẹ̀ dání wọlé, Olúdayọ̀ tẹ̀lé e.

"Ìyá Ọlọ́pàá ti dé o!"

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa dé. Ó ṣí ni.

Kòkúmọ́ ń bọ̀, ó fọwọ́ ti ògiri, oòrùn ń lu ojú rẹ̀. Àwọn obìnrin kígbe, wọ́n ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, ẹnìkan tilẹ̀ ti pe orúkọ àrùn yẹn jáde. Ìyá náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà bá Adéwùnmí, ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn ti ọ̀pá náà, ó na ara rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé.

"Wọ̀n mí," ó ní.

Lábísí dìde, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Dámilọ́lá. Ìyá mi ni mo fi irọ́ náà bò mọ́lẹ̀. Bí a bá máa lé ẹnìkan, èmi ni kí ẹ lé."

Olúdayọ̀ sọ ohun tó rí ní Ìlaró. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá arúgbó náà mú lójú gbogbo wọn, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Bàbá Bàrúwà wò ó títí. Igi ìhọra rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àṣé ọdún méjì ni mo ti fi ń họ ẹ̀yìn mi nítorí kúrúnà ará ilé mi," ó ní. "Àwọn àgbà kò purọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ran àwọn yòókù. "Dámilọ́lá, ìyàwó wa, má bínú. Jókòó sílé ọkọ rẹ. Ìyá Ọlọ́pàá, ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn. Ẹni tí a kò kà ló ń dá wa láàmú."

Adéwùnmí ṣí ìwé. Lábẹ́ orúkọ méjìdínlógún, ó kọ ìkọkàndínlógún: Kòkúmọ́.

Kò yá bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n se aṣọ títí igi ìdáná fi tán, wọ́n sá ẹní sóòrùn. Lábísí ń pa ìpara fún ìyá rẹ̀, Dámilọ́lá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pa á. Bí àwọn méjèèjì ṣe parí ìjà wọn, wọn kò sọ fún mi, ìyẹn tiwọn. Èépá náà ń já kúrò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, awọ tuntun ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó pupa, ó sì rọ̀.

Lóṣù kẹta ìtọ́jú náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan, Adéwùnmí yà kí wọn. Olúdayọ̀ ti sọ pé kòkòrò ti tán lára ìyá náà. Wọ́n gbé àga ìyá àgbà síta. Dámilọ́lá tú Rẹ̀mílẹ́kún sílẹ̀ lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́. Kò sí aṣọ kankan láàrin wọn. Kòkúmọ́ ń wo ọmọ náà, ọmọ náà ń fa etí rẹ̀.

Lójijì ìyá náà gbọn èjìká, ojú rẹ̀ yí padà. Lábísí ti fò dìde.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ẹ̀fọn ni," ìyá náà ní. "Ó jẹ mí léjìká. Ó ń yún mi o! Lábísí, ó ń yún mi!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lára ọmọ. "Kí lẹ ń wò? Ẹnìkan bá mi họ ọ́. Ọwọ́ mi kò ṣófo."